Ìkànnì Tí A Ní Ó Ṣófo ní Apòmù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí léèrè bóyá iṣẹ́ tí mo ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn lè fi ayé rẹ̀ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe é, agbára káká ni ẹnikẹ́ni nínú ilé wa fi mọ ohun tí mo ń ṣe. Ìyá mi kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé rédíò tó bàjẹ́ ni mo ń tún ṣe. Ọkọ mi a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Sílífá ń bá ìjọba gbọ́ rédíò ni," wọn á sì rẹ́rìn-ín, wọn á ní irú owó wo ni wọ́n ń san fún ẹni tó jókòó tó ń gbọ́ rédíò. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé. Mo fẹ́ ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan yìí sí i, kí ó tán.

Afẹ́fẹ́ tí ohùn rédíò, àwòrán tẹlifíṣọ̀n àti ọ̀rọ̀ fóònù ń gbà kọjá, ìjọba ti pín in bí ẹni ń pín ìsọ̀ lọ́jà. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ìkànnì, olúkúlùkù ló sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ọjà Apòmù kọjá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ìsọ̀ tó ṣófo ló máa pọ̀ jù lójú yín. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà rí. Àwọn kan gba ìkànnì, wọn kò lò ó rí. Àwọn mìíràn ń lò ó ní Ìbàdàn, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ wá ní kí a ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa jókòó sí ìsọ̀ onísọ̀ nígbà tí onítọ̀hún kò bá sí níbẹ̀, tí yóò sì dìde fún un kíákíá bó bá dé. Ìmọ̀ràn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó jókòó, ó di dandan kí ẹnì kan ti mọ ìsọ̀ tó ṣófo. Èmi ni ẹni yẹn. Ibi tó ṣófo nínú afẹ́fẹ́ ni mo ń wá jẹun.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ tẹ́kíníkà, mo kọ lẹ́tà, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kò tó nígbà náà, kò sì tó títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Oyèdìran, ọmọ Ìkirè, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí n kò rí eyín rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ rí. Lọ́jọ́ kìíní, ó fi íápíìsì ńlá kan bò mí létí, ó gbé rédíò ìgbàlódé ayé ìgbà yẹn síwájú mi, ó wúwo bí ọlọ, ó fún mi ní ìwé ńlá kan àti bírò. Ó ní kí n máa yí ìka rédíò náà díẹ̀díẹ̀, kí n máa kọ ohun tí mo bá gbọ́ ní ìkànnì kọ̀ọ̀kan. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun àsárì, ṣììì ni mo ń gbọ́. Nígbà tí Ọ̀gá padà dé, ó dúró sẹ́yìn mi.

"Kí lo gbọ́?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà."

"Ta ló bi ọ́ ní ohun tó wà níbẹ̀? Mo ní, kí lo gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Ẹ̀hẹn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ti kọ "ó ṣófo" kún ojú ìwé mẹ́fà. Ó ya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú mi. Ó ní, "Sílífá, tó o bá kan ilẹ̀kùn ilé onílé, tí wọn ò dá ọ lóhùn, ṣé wàá kó ẹrù ẹ wọlé ni? Wọ́n lè wà lóko. Wọ́n lè máa sùn. Baálé ilé lè máa yọjú wò ọ́ lójú fèrèsé kó má wù ú kó ṣí fún ọ. 'N ò gbọ́' ni tìrẹ. 'Ó ṣófo' ju agbára ẹ lọ."

Inú bí mi débi pé mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Apòmù. Ìwé mẹ́fà! Nítorí ọ̀rọ̀ méjì! Mo sọ fún ìyá mi pé ọkùnrin yẹn kò fẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe. Ìyá mi ní kí n padà lọ lọ́la, pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì rọ̀ fún mi lọ́jọ́ kan. A kò gbọ́dọ̀ sọ pé a ti yẹ ìkànnì kan wò àyàfi tí a bá ti gbọ́ ọ ní òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. A kò gbọ́dọ̀ jẹun tí íápíìsì bá wà létí. Èyí ni mo rú lọ́jọ́ kan. Ebi ń pa mí, mo bu ẹ̀pà sẹ́nu, mo ń jẹ, mo ń kọ. Nígbà tí Ọ̀gá ka ìwé mi, ó rí i pé mo kọ "ariwo kékeré, ó ń já, ó ń padà" sí ìkànnì mẹ́ta tẹ̀léra wọn. Ó wo ìwé, ó wo èèpo ẹ̀pà nílẹ̀. Ó ní, "Àwọn ìkànnì yìí ní eyín." Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí ó fi fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń pè mí ní Ẹlẹ́pà ní ọ́fíìsì.

Mo ń bínú sí i nígbà náà. Mo ṣì ń bínú sí i díẹ̀ báyìí, nítorí pé òun ló jàre.

Irinṣẹ́ ń yí padà, àwa náà ń yí. Rédíò oníka lọ, ẹ̀rọ tó ń ya afẹ́fẹ́ sójú gíláàsì dé. Gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa rí wúruwùru bíi koríko, a sì ń pè é ní koríko lóòótọ́. Tí nǹkan kan bá yọrí sókè nínú koríko náà, a mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn, nítorí ojú kì í jẹ ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, tó ń fi gbogbo rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí kékeré kan tí kò tóbi ju Kùránì ilé wa lọ, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń dájọ́. Á gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, á tan iná aláwọ̀ ewé, á kọ ọ́ lédè òyìnbó pé ìkànnì yìí ṣófo. Kò ní "n ò gbọ́". Kò ní "bóyá". Àpótí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi kádíì lórí àga ìdájọ́!

Ọ̀gá Oyèdìran ti kú nígbà náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ wa. Kò pẹ́ sí ìgbà tí mo máa fẹ̀yìn tì ni iṣẹ́ ńlá kan wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ gíráámà kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Orílẹ̀-Òwu, níbi tí fóònù kì í ti í mú nẹ́tíwọ̀kì. Nígbàkúgbà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, orí ọ̀kadà ni wọ́n ń gbà dé Ìkirè, kí wọ́n tó wá tò sílé kọ̀ǹpútà. Ìjọba ní kí a fi ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan tí ẹnikẹ́ni kò lò gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀. Òpó rẹ̀ máa dúró ní Apòmù, lórí ilẹ̀ gíga tó kángun sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Àwa la máa wá ìkànnì náà.

Èmi àti Ẹnjiníà Délé la ṣe é. Ọmọ Ìkirè ni Délé, Áńgílíkà ni, ọmọ dáadáa, ó kàn fẹ́ràn kí nǹkan tètè parí ni. A gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wa. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ mọ́ṣáláṣí, Délé fúnra rẹ̀ ló ní, "Àlàájà, ẹ jẹ́ ká pa jẹnẹrétọ̀ yìí, ariwo ẹ̀ á dí wáàsí lọ́wọ́. Ẹ lọ kírun yín, èmi náà á lọ jẹun." Inú mi dùn sí i gan-an. Mo ní Ọlọ́run á bù kún un. Ní ọjọ́ Àìkú, èmi náà ní kó pa á, kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkirè, a ó tàn án tó bá dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ní Jímọ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ la ṣe ní Àìkú kejì. A bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn ara wa. Mo tilẹ̀ ń fi sọ àsọyé fún àwọn ọmọ ọ́fíìsì, pé ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń gbé pọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, àpótí wa tan iná aláwọ̀ ewé fún ìkànnì kan. Koríko lásán, kò sí ohun tó yọrí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé tí a ń kọ èsì sí ti yí padà, kò sí ààyè fún "n ò gbọ́" nínú rẹ̀ mọ́. Mo fa igi sí "ó ṣófo", mo sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n gbé òpó dúró, íńtánẹ́ẹ̀tì dé abúlé. Tíṣà Bọ̀sẹ̀, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, fi íńtánẹ́ẹ̀tì náà pè mí tó ń jó lórí fóònù, ó ní òun rí ojú ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà òun láìgun ọ̀kadà. Ọjọ́rú lọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo jókòó sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí. Lémọ̀mù wa kò tíì pẹ́ lórí oyè, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa rìn bí wọ́n bá ń ṣe wáàsí. Nítorí rẹ̀ ni ọmọ àdúgbò kan tó wà ní òkè òkun ṣe fi makirofóònù aláìníwáyà ránṣẹ́. Oníwáyà ni Ládàánì ń lò fún ìrun ojoojúmọ́, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń yọ aláìníwáyà nínú páálí rẹ̀. Lémọ̀mù dìde, wọ́n la ẹnu, ohun tó jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ariwo kan tó ń hó ṣàà bí epo tí wọ́n da dòdò sí. Wọ́n dákẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún hó. Ládàánì pààrọ̀ bátìrì. Ó hó. Àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìrun, mo bẹ Ládàánì pé kó jẹ́ kí n wo ìdí makirofóònù náà. Nọ́ńbà ìkànnì tó ń gbà gbé ohùn kọjá nínú afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ìkànnì wa ni.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn mí. Jímọ̀ méjèèjì tí a fi pa ẹ̀rọ, inú mọ́ṣáláṣí yẹn kan náà ni mo wà, abẹ́ ohùn makirofóònù yẹn kan náà ni mo jókòó sí. Etí tí ìjọba ń san owó fún ni mo fi ń gbọ́ ọ. Wákàtí kan ṣoṣo tí ìkànnì yẹn ń sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, wákàtí yẹn gan-an la fi ìbọ̀wọ̀ fúnni pa ẹ̀rọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé oníwáyà ni wọ́n ṣì ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì Délé, ẹ̀ṣẹ̀ wa ì bá di méjì.

Mo lọ bá Lémọ̀mù nílé. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé.

"Àlàájà," ni wọ́n wí, "ta ló kọ́kọ́ dé orí nọ́ńbà yẹn, àwa ni àbí òpó?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Ta ló wá yẹ kó dìde?"

"Àwa ni, bàbá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè jẹ́ kí n bá yín yí nọ́ńbà makirofóònù yẹn ní ìṣẹ́jú kan péré, kò ní í hó mọ́, àwọn ọmọléèwé náà ò ní í pàdánù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ yí i, jàre. Ẹ̀kọ́ ọmọ náà, ìjọsìn ni."

Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò, mo ti rò pé ó tán. Mi ò mọ̀ pé ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí ti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí olú ọ́fíìsì wa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Jímọ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ síbi mẹ́ta. Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ló ń bá wọn kọ lẹ́tà, kò sì sí ohun tí irú wọn fẹ́ràn tó ẹ̀dà. Ẹ̀sùn ti wọlé, òfin sì ni pé kí òpó kú, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan makirofóònù náà, títí ìwé yóò fi jáde. Lémọ̀mù ní kí ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà mìíràn láti gba ti àkọ́kọ́ padà. Wọ́n kọ ọ́. Lẹ́tà méjì wá wà nínú fáìlì kan, ọ̀kan ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, ìkejì ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án. Olú ọ́fíìsì ní àwọn gbọ́dọ̀ wádìí èwo ni òótọ́.

Mo ń pè wọ́n lójoojúmọ́.

"Ẹ má ṣèyọnu, Àlàájà, fáìlì yín ti wà lórí tábìlì."

"Tábìlì ta ni?"

"Tábìlì, mà."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a máa tan òpó ní gbogbo ọjọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́tà di mẹ́ta.

Ní gbogbo àkókò yìí, Tíṣà Bọ̀sẹ̀ ń pè mí láti orí òkè kan níbi tí fóònù rẹ̀ ti ń mú nẹ́tíwọ̀kì díẹ̀. Ọmọ mẹ́rìnlá ló kù tí kò tíì forúkọ sílẹ̀. Ó ní, "Àlàájà, ṣé kí n kó wọn lọ sí Ìkirè?" Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu, ọjọ́ Ajé ló máa padà." Ajé kọjá. Ó tún pè. Mo tún ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. Ojú ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀, èmi tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin kọ́ láti sọ gbólóhùn yẹn! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọlọ́mọ ló gba ìgbájú tèmi.

Lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí, Tíṣà Bọ̀sẹ̀ kò dúró dè mí mọ́. Ó kó wọn lé ọ̀kadà, ó gbé wọn dé Ìkirè. Gbogbo ilé kọ̀ǹpútà ló kún bámúbámú. Ọmọ mẹ́ta ráyè forúkọ sílẹ̀ kí ojú ìforúkọsílẹ̀ tó tì. Mọ́kànlá kò ráyè. Ọdún kan gbáko lọ lọ́wọ́ wọn báyẹn.

Ìwé àṣẹ jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó ní kí òpó kúrò lórí ìkànnì yẹn. Délé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó yí òpó sí ìkànnì mìíràn. Ẹ̀kọ tí mo rà fún un kò tíì tutù tó fi parí rẹ̀.

Olú ọ́fíìsì wá ní kí n kọ ìjábọ̀. Ẹnì kan tí ipò rẹ̀ ju tèmi lọ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n kọ ọ́ pé makirofóònù tí kò níwèé àṣẹ ló fa gbogbo rẹ̀. Òótọ́ sì ni pé kò níwèé àṣẹ, mélòó nínú makirofóònù ìlú yìí ló ní? Ó ní, "Àlàájà, ẹ ti fẹ́ lọ sílé, kí lẹ fẹ́ fi ìyà jẹ ara yín sí?" Mo ronú sí i, kí n má parọ́ fún yín. Tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò lọ gba makirofóònù lọ́wọ́ Lémọ̀mù tó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, orúkọ mi yóò sì mọ́. Mo kọ ọ́ pé: a pa ẹ̀rọ ní wákàtí Jímọ̀ àti ti Àìkú, a kò gbọ́ nǹkan kan, èmi ni mo fa igi sí ibi tí mo fà á sí. Délé ní kí n yọ orúkọ òun, mo yọ ọ́. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fi dá mi lóhùn, òun ló sì gbẹ̀yìn nínú fáìlì mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè, iṣẹ́ dáadáa ni. Afẹ́fẹ́ kì í tán, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ń pọ̀ sí i, wọn yóò sì máa wá ẹni tó lè mọ ibi tó ṣófo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tí kò lè sọ pé "n kò mọ̀" lójú ẹni tó ń retí yín, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo lọ sí abúlé náà. Kò sẹ́ni tó rán mi. Tíṣà Bọ̀sẹ̀ kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, kò kí mi bí ọ̀rẹ́, ó sì mú mi dé kíláàsì àwọn mọ́kànlá tó ń tún ọdún kà. Lójú ọ̀nà ni mo ti to àlàyé nípa ìkànnì àti koríko, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú wọn, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn sọ fún wọn pé èmi ni mo pa ẹ̀rọ láti lọ kírun Jímọ̀, èmi náà ni mo ní kí Tíṣà wọn má kó wọn lọ sí Ìkirè, kí wọ́n dárí jì mí.

Ọmọbìnrin gíga kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé nawọ́ sókè. Tíṣà ti sọ fún mi pé Rúkáyátù ni, àti pé bàbá rẹ̀ ti ní ọdún yìí ló kẹ́yìn tí òun máa rán an níléèwé. Ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọjọ́ tí ẹ pa ẹ̀rọ yẹn, ẹ gbọ́ wáàsí náà parí?"

"Mo gbọ́ ọ parí."

"Kí ni Lémọ̀mù sọ?"

Kò fi àrífín béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo dúró síwájú wọn, mo wá a títí nínú orí mi, Jímọ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì, n kò rí gbólóhùn kan mú jáde. Mo ní n kò rántí.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì jókòó.